Ọjọ́ tí ètè alága kú

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu ni mo fi ń jẹun, kì í ṣe ẹ̀bà ni mò ń sọ o, iṣẹ́ alága ìjókòó ni mò ń ṣe n'Ìbàdàn níbí, ó ti lé ní ọdún 10, orin ni o, ẹ̀fẹ̀ ni o, àdúrà ni o, ẹnu yìí náà ni. Torí náà ẹ má rẹ́rìn-ín mi púpọ̀ tí mo bá sọ fún yín pé lọ́jọ́ Sátidé kan báyìí, òde kù bíi wákàtí méjì, ìdajì ẹnu mi ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo fọwọ́ kàn án, mi ò mọ̀. Mo rọra fi eyín gé e wò, àfi bíi pé ètè ẹlòmíì ni mò ń gé.

Eyín ló fà á. Eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀ lápá òsì, ó ti ń ta mí látìgbà ọdún Iléyá, mò ń fi paracetamol àti omi iyọ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ń gbọ́, tó bá di alẹ́ á tún yarí. Fráídè tó ṣáájú òde yẹn kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kankan mọ́. Mi ò sùn rárá, mo kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mò ń mi orí bí alángbá, ọkọ mi ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, inú ń bí mi sí i. Ilẹ̀ mọ́, aago 8 kọjá díẹ̀ mo ti wà lórí àga dókítà eyín, mo ní kó ṣe ohun tó bá fẹ́ ṣe, kí n sáà ti ríbi dúró gbé máìkì ní aago 11. Rárá o, irọ́ ni mo pa, mi ò sọ ti aago 11 yẹn fún un. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣì í, ẹ ṣáà máa bá mi bọ̀.

Ó wo ẹnu mi, ó ní ihò ni, kò tíì burú débi tí wọ́n á fi yọ eyín náà, òun á gbẹ́ ẹ òun á sì dí i. Ló bá gún mi lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún. A dúró díẹ̀, ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ó fi irin kan eyín yẹn, mo fò sókè lórí àga. Ó ní kí n má bínú mà, ó ní ibi tó bá ti ń jẹrora tó sì ti wú, ara ibẹ̀ máa ń kan bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, oògùn yẹn kì í sì í fẹ́ ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tó bá kan. Ó gún mi lẹ́ẹ̀kejì. Ìgò méjì nìyẹn o, ẹ fi sọ́kàn. Èyí ló wá dáhùn. Ahọ́n òsì lọ, ètè òsì lọ, àgbọ̀n náà lọ, ó dé àárín gedegbe ó dúró, bíi pé wọ́n fi okùn wọn ààlà síbẹ̀, ọ̀tún wà láàyè, òsì ti sùn. Ẹ̀rọ ń ké fíín nínú ẹnu mi, mi ò mọ nǹkan kan lára. Lásìkò yẹn, mo fẹ́ràn dókítà yìí ju ọkọ mi lọ.

Aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 10 a ti parí. Ó ní kí n má jẹun o, kí n má mu nǹkan gbígbóná, títí ẹnu mi á fi padà. Mo wá bi í pé ìgbà wo ló máa padà. Ó ní, "Eyín yẹn fúnra ẹ̀ lè jí láàárín wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ mà, ṣùgbọ́n ètè àti ahọ́n, ẹ fún un ní wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Aago 8 àbọ̀ ló gún mi. Mẹ́ta lé e, aago 11 àbọ̀. Márùn-ún lé e, aago 1 àbọ̀. Aago 11 ló sì wà nínú káàdì.

Mo yanu láti sọ fún un pé gbogbo ẹbí á ti jókòó, ohun tó bọ́ sílẹ̀ ni "woo ẹwí". Èmi àti ẹ̀ wo ara wa. Ó kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.

Ẹ̀yin ará, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ètè ló ń bá wa sọ Yorùbá tó báyìí. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ní b tàbí p tàbí gb tàbí m nínú, ètè méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé, kí lẹ wá fẹ́ sọ lóde ìyàwó tí kò ní ìkan nínú wọn, bàbá, màmá, ọmọ, àpótí, Bíbélì, gbogbo ẹ̀ pátá. Nígbà tí mo wọ takisí, mo ní kí n dán an wò, mo mú èyí tí a fi ń dán ẹnu ara wa wò nígbà tí a wà ní kékeré, pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn ní ọpọlọ. Mi ò tíì kúrò lórí ọ̀pọ̀lọ́ àkọ́kọ́ tí itọ́ ti ń dà sí mi lágbọ̀n, mi ò sì mọ̀, awakọ̀ ló rí i nínú jígí, ó na tíṣù sí mi láìsọ̀rọ̀. Olúwa á bá mi san án fún un.

Nígbà tí mo délé, mo wo jígí, mo rò pé màá rí ètè tó tóbi bí ọ̀kẹ́lẹ̀ fùfú, torí bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ètè mi bó ṣe wà náà ló wà. Àfi tí mo bá rẹ́rìn-ín, ọ̀tún á gòkè, òsì á dúró. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, mo ní ṣé kì í ṣe rọpárọsẹ̀ nìyí, mo pe dókítà padà, ó ní tí ojú bá ń pa dé, tí apá àti ẹsẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ ni mà. Ó ní ó tiẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé oògùn yẹn á rìn lọ kan iṣan tó ń gbé ojú, ojú ẹ̀gbẹ́ kan ò ní lè pa dé fún wákàtí bíi mélòó kan, tí oògùn bá ti lọ òun náà á lọ. Inú mi dùn pé kò sọ ìyẹn fún mi kó tó gún mi.

Wàyí o, ilé wa ti gbọ́. Ìyá mi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. "Àbẹ̀kẹ́, gbé Aboniki, fi ra á dáadáa, kí o wá fi aṣọ inú omi gbígbóná jó o." Àbúrò mi ní kí n jẹ orógbó, ṣebí orógbó ni mo máa ń jẹ tí ohùn mi bá há. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé ní Houston, èyí tí mo sọ fún lórí WhatsApp torí mò ń wá ẹni tó máa bá mi kẹ́dùn, òun ló wá sọ pé, "Ṣé wọn ò fún ẹ ní abẹ́rẹ́ tó ń tú u ni?" Mo ní abẹ́rẹ́ kí ni? Ó ní nígbà tí wọ́n dí eyín tòun, dókítà bi òun pé ṣé òun fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gún òun ní abẹ́rẹ́ kejì kí òun tó dìde lórí àga, wọ́n gba owó ẹ̀ lọ́tọ̀, insurance òun ò san án.

Mo pe dókítà lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọkùnrin yẹn ní sùúrù o. Mo fi ìdajì ẹnu mi bi í pé ṣé òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ kan wà tó ń tú abẹ́rẹ́, ó ní òótọ́ ni mà, ó wà, àwọn ò ní i níbí ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe là á yé mi. Lidocaine ni wọ́n gún sí mi. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń lọ bá iṣan tó ń gbé ìròyìn ìrora lọ sí ọpọlọ, á ti àwọn ilẹ̀kùn tíntìntín tí sodium, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, ń gbà wọnú iṣan yẹn, ìròyìn á wá há sójú ọ̀nà. Kò pa iṣan o, ilẹ̀kùn ló tì. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ láá máa gbé oògùn náà lọ ní díẹ̀díẹ̀, tó bá gbé e tán, ilẹ̀kùn á ṣí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ lidocaine nìkan ni wọ́n fi síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ti gbé e lọ kí dókítà tó gbẹ́ eyín débi kankan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń po adrenaline mọ́ ọn, ìpín kan péré nínú 100,000, àwọn míì ń lo ìkan nínú 80,000. Bó ṣe kéré tó yẹn, ó tó láti fún òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ pọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹsẹ̀ tẹ rọ́bà omi mọ́lẹ̀. Omi ò lọ, oògùn náà ò lọ. Adrenaline yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ tí wọ́n bá ń yọ eyín.

Èyí tí wọ́n wá fi ń tú u, phentolamine ni wọ́n ń pè é, OraVerse lorúkọ tí wọ́n fi ń tà á, ọdún 2008 ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i. Kò bá lidocaine jà rárá. Ẹsẹ̀ tí adrenaline fi tẹ rọ́bà ló ń gbé kúrò, òpó ẹ̀jẹ̀ á là, ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé, á ṣan oògùn náà lọ. Ojú ibi tí wọ́n gún tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n máa gún, ìgò kan fún ìgò kan. Phentolamine fúnra ẹ̀ kì í ṣe tuntun, àwọn dókítà ti ń lò ó tipẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ ríru burúkú kan tí kókó tó bá hù lára ẹṣẹ́ kékeré tó jókòó lé kíndìnrín lórí máa ń fà, ẹnìkan ló kàn ronú pé ó lè wúlò nínú ẹnu. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ìdajì àwọn tí wọ́n gún un fún ni ètè ìsàlẹ̀ wọn ti padà kó tó pé ìṣẹ́jú 70, àwọn tí kò gbà á, ìṣẹ́jú 155. Ti ètè òkè, 50 sí 133. Mo tún ṣírò, ẹ mọ̀ pé mi ò lè ṣe kí n má ṣírò. Ká ní wọ́n gún mi ní aago 9 kọjá ìṣẹ́jú 10, ó ṣeé ṣe kí n ti máa pe ọ̀pọ̀lọ́ geerege ní aago 10 àbọ̀.

Inú bí mi. Mo ní kí ló dé tí kò sí níbí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mà, wákàtí tí ẹ̀ ń wá yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní sanwó sí i, wọ́n á lọ sùn ni." Ó ní kì í tún ṣe gbogbo èèyàn ló wà fún, ó lè jẹ́ kí àyà máa sáré, ó lè gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè sódò, ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń dà láàmú kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn láìbéèrè. Ó wá sọ èyí tó dùn mí jù, pé ká ní mo ti sọ fún òun kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé mo ní òde, òun ì bá lo mepivacaine tí kò ní adrenaline nínú, òun náà máa ń pa ètè ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó ti lidocaine yìí, tàbí kí òun kàn fi oògùn dí ihò yẹn fúngbà díẹ̀ kí n padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹnu alága, tí kì í dákẹ́ níbi kankan, ibi tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀ gan-an ló ti dákẹ́.

Mo bi í ní ti Aboniki. Ó ní kí n má dán an wò láé, ibi tí kò mọ nǹkan lára, ṣé ó máa mọ̀ tó bá ń jó ni. Aṣọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ní mo lè gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lóde, tí mo bá ti fi ọwọ́ mi dán an wò ná, mo sì lè máa rìn káàkiri nínú ilé kí ẹ̀jẹ̀ lè máa lọ dáadáa, kò burú, torí pé wọ́n kàn dí tèmi ni. Ẹni tí wọ́n yọ eyín fún, kó má ṣe ìkankan nínú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò yẹn ló ń bò ó, tó bá kúrò, ìrora tó máa tẹ̀ lé e kò ní jọ ti àkọ́kọ́. Àti Aboniki àti orógbó àti aṣọ gbígbóná, ó ní kò sí èyí tó tó àsìkò lágbára nínú wọn.

Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀. Ọmọ mi kejì, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 7, wọ́n dí eyín fún un, a délé, ó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi eyín gé ètè ìsàlẹ̀ ẹ̀ bíi ẹni ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, ó ní ó ń dùn mọ́ òun torí kò dun òun. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì ètè yẹn ti wú bí àkàrà, ó ní nǹkan funfun lójú, ìyá ọkọ mi ní abẹ́rẹ́ wọn ti kẹ̀, kí a tètè lọ ra ampiclox. Dókítà rí i, ó ní kò kẹ̀ o, ojú egbò tó wà nínú ẹnu máa ń funfun bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ yín ló jẹ ara ẹ̀. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan ó ti jiná. Mo bá ọmọ yẹn wí lọ́jọ́ náà, mo pè é ní ọ̀bọ. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o. Ọlọ́run ò sì gbàgbé.

Torí aago 10 kọjá ìṣẹ́jú 40 mo dé gbọ̀ngàn, ebi ń pa mí kú, mi ò tíì jẹ nǹkan látàná, àwọn ọmọ tó ń gbé oúnjẹ gbé páfù gbígbóná kọjá. Mo ní ẹyọ kan, apá ọ̀tún ni màá fi jẹ ẹ́. Mo jẹ, ó dùn, mo tún mú ìkan. Ọmọ tó ń tẹ̀ lé mi lọ sóde, ẹni tó máa ń bá mi gbè orin, ló fà mí lápá, ó ní, "Mummy, ẹ̀jẹ̀." Mo wo hánkáṣíìfù, ó pọ́n. Mo ti gé inú ètè mi jẹ pọ̀ mọ́ páfù, mi ò mọ̀ rárá, mo tiẹ̀ ń rò pé wọ́n fi atare sínú ìyẹ̀fun yẹn. Ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ mi o.

Bí Ọlọ́run ṣe wá ṣe é nìyí. Èkó ni àwọn ẹbí ọkọ ti ń bọ̀, kòsítà méjì, súnkẹrẹ fà mú wọn lọ́nà márosẹ̀. Aago 11 kọjá, wọn ò dé. Aago 12 kọjá, bàbá ìyàwó ti ń yọ fìlà ó ń dé e padà. Gbogbo èèyàn ń bínú, èmi nìkan ni mo jókòó sí kọ̀rọ̀ tí mò ń yọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó di aago 1 ni èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní àgbọ̀n mi, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú tó wá ń jí. Ahọ́n ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ètè láti igun wá sí àárín, eyín yẹn náà sì ti ń ta díẹ̀díẹ̀ kí ètè tó dé, bí dókítà ṣe sọ, mo ti yára gbé paracetamol méjì mì ṣáájú. Mo dákẹ́ mo pe ọ̀pọ̀lọ́ mi lẹ́ẹ̀kan. Ó pé.

Aago 1 kọjá ìṣẹ́jú 15, alága ìdúró kó wọn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, àwọn bọ̀ọ̀kìnní wọ̀nyí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo gbé máìkì. Mo bi wọ́n pé aago mélòó ló wà nínú káàdì. Wọ́n ní ẹ má bínú màmá, ọ̀nà ló há. Mo ní ẹbí wa ò mọ ọ̀nà há, owó ni wọ́n mọ̀. Èmi tó jẹ́ pé tí wọn ò bá pẹ́ ni, ẹ̀sín ni n bá fi ara mi ṣe níbẹ̀, mo gba owó a-pẹ́-dé lọ́wọ́ wọn, mo tún ní kò pé, wọ́n tún fi kún un. Bí mo ṣe ń pe "gbogbo ẹbí" lọ́jọ́ yẹn, mò ń tẹ gb yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa, bàbá onílù tiẹ̀ wo ojú mi.

Nígbà tí mo délé lálẹ́ mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan lórí fóònù. Mo rí i pé ará Jámánì kan, Heinrich Braun, ló mú wá pé kí wọ́n máa po adrenaline mọ́ oògùn tó ń pa ara bẹ́ẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1903, kokéènì ni wọ́n sì ń lò nígbà yẹn o. Lidocaine, Nils Löfgren ní Sweden ló ṣe é ní 1943, ọmọ ilé ìwé tó ń bá a ṣiṣẹ́, Bengt Lundqvist, gún un sára ara ẹ̀ láti fi dán an wò. Mo wo ètè mi tó ti ń wú níbi tí mo ti gé e jẹ, mo ní èmi àti ìwọ, Lundqvist.

Òmíràn tún kù. Láti alẹ́ Sátidé yẹn, tí mo bá pa eyín dé, apá òsì ń kan ara wọn ju apá ọ̀tún lọ, bíi pé òkúta wà níbẹ̀. Mo padà lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Dókítà ní ó máa ń ṣẹlẹ̀, nígbà tí òun ní kí n pa eyín dé kí òun wò ó, ẹnu ti kú, mi ò lè mọ̀ bóyá ohun tí òun fi dí i ga jù, mo kàn ń mi orí fún òun ni. Òótọ́ ni, mo rántí pé mo mi orí. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan, mo di ọwọ́ àga mú, mo ní dókítà ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa gún mi lábẹ́rẹ́ ni?

Ó ní rárá mà, a kàn fẹ́ fá orí ẹ̀ díẹ̀ ni.

Mo ní ó da, torí mo ní òde ní Tọ́sìdeè, ọ̀túnla.

Ó ní ọ̀túnla kọ́ ni Tọ́sìdeè mà, Mọ́ńdè la wà yìí.

Mo ní mo mọ̀, mo kàn ń sọ ọ́ fún yín ṣáájú ni.